Ẹ̀tù tí ọmọ àbúrò mi kó sínú agolo mílíìkì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, ìyàwó mi ni kò jẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kí n má kó o síta. Mo ní lóòótọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa níbí la ní ọmọkùnrin tó wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, a ò sì mọ ohun tó ń wò. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ra gààrí tàbí èlùbọ́ lọ́wọ́ mi ní Idu mọ ọmọ àbúrò mi, òun ló ń bá mi wọn ọjà. Ọmọ ọdún 23 ni. Ọmọ dáadáa ni, kì í jalè, kì í mutí, tí mo bá ní kó dúró sí ṣọ́ọ̀bù, á dúró. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń wá síkéèlì kékeré tá a fi ń wọn ata gbígbẹ àti egúsí fún àwọn tó ń ra díẹ̀díẹ̀. Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo wọ yàrá ọmọ yìí, mo bá síkéèlì lórí tábìlì rẹ̀, agolo mílíìkì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mílíìkì ni, mo ṣí i. Nǹkan wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, ó pẹlẹbẹ bí ìgbà tí wọ́n bá gé ìpẹ́ ẹja sí kékeré, ó dúdú, ó ń dán. Mo gbé e sí imú, òórùn bí ọ̀dà táwọn obìnrin fi ń kun èékánná ló ń rùn.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ara mi gbọ̀n. Ẹ̀tù ni.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí tó fi dé. Mi ò pariwo. Mo ní, "Kí lèyí?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó dùn mọ́ mi díẹ̀ pé kò purọ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru ló fún òun ní kátíríìjì mẹ́rin tó ti pẹ́ tí kò yìn mọ́. Òun já wọn, òun da ẹ̀tù inú wọn síbẹ̀. Mo ní kí ni o fẹ́ fi ṣe? Ó ní òun rí òyìnbó kan nínú fídíò tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta ìbọn ìléwọ́, pé kò le rárá. Mo ní ta ló ní ìbọn ìléwọ́? Ó dákẹ́. Mo tún un bi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní in, èyí táwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, ó ní torí àwọn ajínigbé ni. Ọta rẹ̀ ló wọ́n tí kò rí rà. Ọmọ mi wá fẹ́ bá a ṣe é.

Ó wá sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ó ní, "Ẹ̀tù náà ni gbogbo ẹ̀tù, Bàbá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mi ò lè sọ pé ìbẹ̀rù ọmọ yẹn kò nídìí. Gbogbo wa tá a ń gbé Idu la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúnà lọ́nà, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn lọ. Ọkọ̀ tá à ń gbọ́ fèrè rẹ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi alára bi ẹnì kan léèrè iye tí wọ́n ń ta ìbọn. Mi ò rà á, àmọ́ mo bèèrè. Torí náà mi ò lè na ọmọ fún ohun tó ti wá sí èmi náà lọ́kàn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni gbólóhùn yẹn, torí mo ti rí ẹni tó sọ irú rẹ̀ rí, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bàbá tó bí mi, ọdẹ ni, lápá Ìṣẹ́yìn. Ṣakabùlà ló lò títí tó fi kú. Inú àdó kékeré kan ló ń kó ẹ̀tù sí, á fi awọ dé e lẹ́nu, á so ó kọ́ sókè níbi tí iná ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé fìtílà wọ yàrá yẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé bàbá mi fẹ́ràn àdó náà ju òun lọ. Bàbá mi á ní àdó kì í pariwo ní tiẹ̀. Ìyá mi á ní, "Títí dọjọ́ tó bá pariwo." Àwa ọmọ máa ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, pé ẹ̀tù la fi ń pa ẹtu, ẹni tó bá pe ọ̀kan bí èkejì la máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí bàbá mi tó jáde lálẹ́, á da ẹ̀tù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ìka méjì fọ́ ọ wò. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti gba òtútù nìyẹn, kò ní í lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdérí ìgò kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀, kò yí i padà rí. Á da ìdérí yẹn sẹ́nu ìbọn, á fi àkísà tẹ̀ lé e, á fi ọ̀pá irin tì í wọlé, kó tó wá kan ọta. Nígbà míì ó máa ń rò pé òun ti da ẹ̀tù, kò sì dá a lójú. Ó ní àmì kan lára ọ̀pá irin yẹn. Á ki ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn, tí àmì bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó mọ̀ pé ohun kan ti wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí àmì yìí o, mo máa padà sí i.

Mo máa tó ọmọ ọdún 12 nígbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan rí kátíríìjì méjì gbà lọ́wọ́ àlejò kan tó wá ṣọdẹ lọ́dọ̀ wa. Kò ní ìbọn tó ń lo kátíríìjì. Ó já wọn, ó da ẹ̀tù òyìnbó náà sínú ìdérí ìgò tirẹ̀, ó kún un bó ṣe máa ń kún ti dúdú, ó rọ ọ́ sínú ṣakabùlà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tù tí kò ní èéfín, ẹran ò ní í rí ibi tó ti yìn ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a gbọ́ ìró kan látinú igbó. Kò dún bí ìbọn. Ẹnu ìbọn náà kò ṣe nǹkan kan, ìdí rẹ̀ ló là bí ìgbà tí agbado bá bẹ́ nínú iná. Orí pákó ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé e wálé. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì àti ìka méjì ló bá a lọ.

Àwọn èèyàn ní ẹ̀tù òyìnbó burú. Bàbá mi ní, "Ẹ̀tù yẹn ò burú. Ìbọn yẹn ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹ̀tù dúdú táwọn bàbá wa ń lò, ohun mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an. Tó bá jó, ju ìdajì rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́, eérú àti èéfín ló máa ń dà, ìdí nìyẹn tí ṣakabùlà fi máa ń bo olúwa rẹ̀ bí kùrukùru, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín yàtọ̀ pátápátá. Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, òwú bíi ti aṣọ, tí wọ́n rẹ sínú ásíìdì. Schönbein ló rí àṣírí òwú yẹn ní 1846, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ló sọ ọ́ di ẹ̀tù ìbọn ní 1884, Alfred Nobel tó dá ẹ̀bùn Nobel sílẹ̀ sì ṣe irú tirẹ̀ ní 1887. Tìẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ìdérí ìgò kan náà, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po. Irin ṣakabùlà ò lè gbé e.

(Ẹ̀tù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílẹ̀ wa látijọ́ o. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ẹ̀tù ń gbà dé Ìbàdàn láti etíkun, nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀nà, ẹ̀tù á di góòlù. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ní tiwọn wá rí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń kì láti ìdí gbà láti Èkó, ojú ogun yí padà. Àwa ọlọ́jà la mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti ọ̀nà.)

Ká padà sí ọmọ mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn sọ pé "má ṣe é", á gbọ́ lójú mi ni, kò ní í gbọ́ lẹ́yìn mi. Ọkọ àbúrò mi obìnrin wà ní Houston, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe ọta fún rìfọ́fà rẹ̀ nílé, wọ́n máa ń lọ yìn ín níbi tí wọ́n ti ń díje ní Sátidé. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ìjọba àpapọ̀ gba èèyàn láàyè láti ṣe tirẹ̀ fún ara rẹ̀, ìgbà tó bá fẹ́ máa tà ni yóò gba ìwé àṣẹ. Mo ní tó bá jẹ́ fídíò lọmọ yìí ń gbọ́ràn sí, kó gbọ́ tẹnu ẹni tó ń ṣe é. Mo pè é lórí WhatsApp, mo gbé fóònù jókòó sórí àpò gààrí, mo ní kí ọmọ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Mo ní dáadáa kọ́. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé fóònù rẹ̀ lọ sídìí tábìlì kan nínú gáráàjì, ó ń fi nǹkan hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kọ́kọ́ gbé sókè kì í ṣe ẹ̀tù. Ìwé ni. Ìwé méjì tó nípọn bíi Bíbélì. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀tù àti àwọn tó ń ṣe ọta ló ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n ti yìn ín wò nínú irin tó ń wọn agbára, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú ọta báyìí, ìwọ̀n báyìí, ẹ̀tù báyìí, ibi tí èèyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ rèé, ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá rèé. Ó ní ẹni tí kò bá rí ẹ̀tù rẹ̀ nínú ìwé, kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní nínú fídíò, wọ́n kì í fi ìwé yẹn hàn, torí kò dùn ún wò.

Ọmọ mi bi í pé kí ló dé tí ẹ̀tù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe òwò lásán ni? Àna mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ti fi igi dáná rí?" Ó ní pòròpórò máa ń jó kíá, á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti tán. Igi ayín máa ń pẹ́ kó tó gbiná, á sì máa jó lọ. Báyìí náà ni ẹ̀tù rí. Bí wọ́n ṣe gé e, bó ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fi kùn ún lára, ló ń sọ bó ṣe máa yára jó tó. Ìbọn ìléwọ́, irin rẹ̀ kúrú, ọta ò pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó jáde. Ẹ̀tù tó bá ń jó kíá ló bá a mu. Tí èèyàn bá fi ti ìbọn gígùn sínú rẹ̀, ọta á ti jáde kí ẹ̀tù tó jó tán, iná ńlá á máa bù jáde lẹ́nu ìbọn, ẹ̀tù tí kò jó á dà sílẹ̀. Ìyẹn kàn fi nǹkan ṣòfò ni. Èyí tó ń pààyàn ni kéèyàn mú ẹ̀tù tó ń jó kíá, kó sì fi í kún ibi tí wọ́n ti ń lo èyí tó ń jó díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ bàbá mi nìyẹn gan-an.

Mo ní, "Àna mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ ń sọ ìtàn bàbá mi." Ó ní, "Ṣé lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọmọ ní tó bá jẹ́ ti ìwọ̀n ni, òun ní síkéèlì. Àna mi ní kó gbé e wá. Ó wò ó, ó bi í pé kí ni ó kéré jù lọ tó lè wọ̀n. Ọmọ ní gíráàmù kan. Àna mi di orí mú. Ó ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ń jẹ́ grain, 7000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, bíi 15 rẹ̀ ló wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Síkéèlì òun ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá grain kan. Ó ní, "Síkéèlì tiyín yẹn, kò rí ohun tó ń wọ̀n. Tó o bá dà á ní ìlọ́po méjì, á sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan." Mo wo síkéèlì mi tí mo fi ń wọn egúsí, ojú tì mí fún un.

Ìgbà yẹn lèmi náà dá sí i, torí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní ṣé wọn ò lè fi nǹkan bíi múdù wọ̀n ọ́n ni, bí bàbá mi ṣe ń fi ìdérí ìgò wọ̀n? Ó ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan wà fún un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi síkéèlì dán ẹ̀rọ náà wò, kí wọ́n sì máa tún un dán wò. Ó ní ẹ̀tù tó rí róbótó bí kóró máa ń ṣàn dáadáa, gbogbo ìgbà ló máa ń dọ́gba. Èyí tó pẹlẹbẹ máa ń há, á da díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á da púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọjà, ẹ ti mọ ohun tó ń sọ. Múdù kan gààrí Ìjẹ̀bú àti múdù kan gààrí tó hó, ṣé ìwọ̀n wọn dọ́gba? Ẹni tó bá gbọn múdù àti ẹni tí kò gbọ̀n ọ́n, ṣé iye kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé? Lójoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn oníbàárà jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣì í wọ̀n, èébú ni mo máa gbà.

Ó wá fi agolo méjì hàn wá, èyí ló sì wọ ọmọ mi lára jù. Ọ̀kan ń jẹ́ Bullseye. Láti 1898 ni wọ́n ti ń tà á. Díẹ̀ báyìí ló ń lọ nínú ọta kan, agolo kan á pẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló kọ́kọ́ rà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọta rìfọ́fà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní .38 Special, àyè inú rẹ̀ tóbi. Ẹ gbọ́ ìdí tó fi tóbi: ọdún 1898 kan náà ni wọ́n ṣe irú ọta yẹn, ẹ̀tù dúdú, irú ti bàbá mi gan-an, ni wọ́n fi kún un níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú ń fẹ́ àyè. Nígbà tí ẹ̀tù tí kò ní èéfín dé, wọn ò gé e kúrú. Báyìí, Bullseye kan á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí iyọ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Tí èèyàn bá gbàgbé, tó dà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú lè má mọ̀ ọ́n.

Ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ (àbúrò mi nìyẹn) pè é jẹun, ó padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kó tó fi ọta dé wọn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú 50 ga ju ìyókù lọ díẹ̀. Ó ní òun jókòó sílẹ̀ nínú gáráàjì yẹn, òun ò lè dìde. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé èkejì, Unique. Kì í ṣe pé ó dára jù, ó ní àwọn míì tiẹ̀ ń ṣàròyé pé ó pẹlẹbẹ, kì í ṣàn dáadáa nínú ẹ̀rọ. Ìdí tó fi mú un ni pé ó fẹ̀, ó ń gba àyè. Tí ó bá dà á lẹ́ẹ̀mejì, á ga débi tí afọ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá èyí tó lágbára jù. Mo wá èyí tó máa jẹ́ kí n rí àṣìṣe mi."

Àmì ara ọ̀pá irin bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ gbé agolo mílíìkì sókè sí fóònù. Ó ní, "Èyí ńkọ́, Bùọ̀dá?"

Àna mi ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kò sí ìdáhùn.

Ó ní òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀tù kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kátíríìjì ọdẹ àti nínú ìbọn ìléwọ́, Unique gan-an jẹ́ ọ̀kan. Àmọ́ orúkọ ni wọ́n fi ń wá a nínú ìwé. Àwọ̀ rẹ̀ ò sọ nǹkan kan, òórùn rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó ní ẹ̀tù méjì wà lọ́jà, HP-38 àti Winchester 231, orúkọ méjì ni, ẹ̀tù kan náà ni. Àwọn méjì míì tún wà tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 4831, àmọ́ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n lè kàgbákò. Òun alára, tí ìwé ara agolo kan bá ya kúrò, tí kò sì dá a lójú, á dà á nù, bó ti wù kó wọ́n tó. Ó ní, "Tìẹ, inú kátíríìjì mẹ́rin lo ti kó o jọ. Ṣé o mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Ọmọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ wọn. Àna mi ní, "Ó dáa. O ti po ohun mẹ́rin tí kò lórúkọ pọ̀, o sì fẹ́ yìn ín nínú páìpù tí ẹnikẹ́ni ò dán wò."

Ọmọ mi gbé agolo sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo.

Mo sọ ti òfin fún un lẹ́yìn tá a pa fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí náà torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà láti 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní in láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ṣakabùlà bàbá mi pàápàá, ó nílò ìwé. Ṣíṣe ìbọn tàbí ọta nínú ilé ẹni, òfin ò gbà á, àfi níbi tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Ọta tí ìjọba ń ṣe, Kàdúnà ni DICON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ti ń ṣe é, kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Idu. Mo sì rán an létí Bódìjà, ní Ìbàdàn, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Gómìnà Mákindé ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ohun abúgbàù táwọn awakùsà kó pa mọ́ sínú ilé ló bú. Àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ilé tiwa yìí, ayálégbé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fi gáàsì dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọmọ mi.

Ó ku kí la ó ti ṣe ẹ̀tù náà. Mo fẹ́ bu omi sí i, kí n dà á sí gọ́tà. Àna mi ní rárá. Ó ní ti bàbá mi ni omi ń bà jẹ́, torí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń yọ́. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, tó bá gbẹ, ó tún ti jí. Mo wá lọ bá Bàbá Ọdẹ, olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní 70 ọdún. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín ṣe nǹkan." Kò bínú. Ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó fún un ní kátíríìjì ló bínú sí, ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó mú wa lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn, níbi tí kò sí koríko. Ó wọ́n ẹ̀tù náà sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń sá èlùbọ́, ó ní ká sún sẹ́yìn, ká tún sún sẹ́yìn. Ọ̀pá gígùn kan ló fi gbé iná sí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó kàn ṣe fùúù. Iná rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti tán. Kò dún rárá.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe mọ nìyẹn? Ṣé kò ní í dún ni?"

Bàbá Ọdẹ ní, "Ta ló tì í mọ́lé?"

A padà sílé. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní ta ló ń sun ọ̀rá lóru. Ọ̀rẹ́ tó ní ìbọn yẹn kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, wọ́n ní ó ti kó kúrò ní Idu, mi ò bèèrè ibi tó kó lọ. Ọmọ ṣì wà pẹ̀lú mi, ó ń wọn ọjà. Síkéèlì yẹn ni ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọn ò ní í fi í wọn ata fún ẹnikẹ́ni mọ́ bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Mo ti ra tuntun. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń ra irin àlòkù, kó pè mí.